Ẹjọ́ Libby Zion: dókítà tó ti rẹ̀, ọ̀gá tí ò sí nítòsí

Alẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù March 1984 ni wọ́n gbé ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 18, wọ emergency New York Hospital ní Manhattan. Libby Zion lorúkọ ẹ̀, Bennington College ló ń lọ, bàbá ẹ̀ Sidney Zion jẹ́ lọ́yà tó tún jẹ́ akọ̀ròyìn, ó ti bá New York Times ṣiṣẹ́ rí, ẹ má gbàgbé ìyẹn torí ó máa wúlò níwájú. Ara ọmọ náà ń gbóná, ó ń gbọ̀n, apá àtẹsẹ̀ ẹ̀ ń ta lódìlódì, ẹ bá a sọ̀rọ̀ báyìí á dá yín lóhùn dáadáa, tó bá tún yá ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò ní bára mu mọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti kú.

Mo ń kọ èyí torí pé gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àṣekú àwa dókítà bá ti délẹ̀ lórí ayélujára, ẹnìkan á kàn já wọlé pé "ní Amẹ́ríkà, wákàtí 80 ni lọ́sẹ̀, òfin wà ńbẹ̀", á sì bá tiẹ̀ lọ. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ara ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni òfin yẹn ti jáde, ẹni tó bá sì ka bó ṣe ṣẹlẹ̀ dé ìdí á rí i pé apá kan nínú ẹ̀ ni gbogbo ayé dì mú, apá kejì, tí èmi gbà pé òun ló wúwo jù, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn dókítà emergency wò ó títí, wọn ò rí ìdí ohun tó ń ṣe é. Wọ́n pe dókítà ìdílé wọn, àgbà dókítà tó láṣẹ láti gba aláìsàn ní ọsibítù yẹn, òun náà gbà pé kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n fa omi sí i lára, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Orí fóònù ni àgbà yẹn wà o, kò débẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Àwọn méjì ló wá gba ọmọ lókè nínú wọ́ọ̀dù: obìnrin kan tó wà ní ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn iléèwé, ẹni tí àwa níbí máa pè ní house officer, àti resident kan, ìyẹn dókítà tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ àkànṣe lọ́wọ́, tó fi ọdún kan ṣáájú ẹ̀. Orúkọ àwọn méjèèjì wà káàkiri, mi ò ní kọ ọ́ síbí, ìyà tí orúkọ yẹn ti jẹ tó. Wọ́n yẹ ọmọ wò, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àìsàn fáírọ́ọ̀sì ni, wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un: hysterical. Mo ń padà bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ yẹn. Nítorí gbígbọ̀n tó ń gbọ̀n, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ pethidine, èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà lórúkọ Demerol, 25 mg, ìwọ̀n kékeré ni, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti tíátà dé ní wọ́ọ̀dù wa ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n fi àwọn òbí lọ́kàn balẹ̀, àwọn òbí lọ sílé. Resident lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ilé kan lódìkejì títì, pẹ̀lú beeper lára, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń pe dókítà, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà yẹn, kò rú òfin kankan. Ó wá ku house officer, aláìsàn tó wà lọ́rùn ẹ̀ lóru yẹn tó bíi 40, wọ́n ń pè é lọ́tùn-ún, wọ́n ń pè é lósì. Ara Libby ò balẹ̀ mọ́, ó ń jà, ó fẹ́ fa omi tó wà lára ẹ̀ yọ, àwọn nọ́ọ̀sì pe house officer, house officer ò ráyè wá, ó sọ ọ́ lórí fóònù pé kí wọ́n so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n sì fún un ní haloperidol kó lè rọlẹ̀. Wọ́n so ó. Ó rọlẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìdájí tí wọ́n wọn ibà ẹ̀, ó ti wọ 107 ti Fahrenheit, tá a bá yí i sí tiwa ó lé ní 41 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù rí mọ̀ pé tí èèyàn bá rí nọ́ńbà yẹn lójú thermometer, ohun àkọ́kọ́ téèyàn máa rò ni pé thermometer ti bàjẹ́. Wọ́n sáré fi nǹkan tútù bò ó, ọkàn ẹ̀ dúró, wọ́n tẹ àyà títí, kò dìde mọ́.

Kí ló wá pa á? Libby ń lo oògùn kan fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, phenelzine, Nardil ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á. Àwọn tó gbà á wọlé mọ̀ pé ó ń lò ó. Bí oògùn yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: kẹ́míkà kan wà nínú ọpọlọ wa tó ń jẹ́ serotonin, òun ló ń gbé iṣẹ́ láti ara nerve kan dé ara èkejì, tó bá jíṣẹ́ tán, nerve tó tú u jáde á fà á padà sínú, enzyme kan á sì fọ́ ọ dànù. Phenelzine di enzyme yẹn lọ́wọ́, kò lè fọ́ nǹkan mọ́. Pethidine ní tiẹ̀ ń dí ọ̀nà tí serotonin ń gbà padà sílé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò burú láyè ara ẹ̀, ẹ pa méjèèjì pọ̀, serotonin á kún àkúnwọ́sílẹ̀, iṣan á máa ta, òógùn á bò èèyàn, ara á gbóná, orí á dàrú, ọkàn á máa sáré kíkankíkan. Kì í ṣe ohun tuntun ní 1984 o. Láti àwọn ọdún 1960 ni ìwé ìṣègùn ti ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má pa pethidine mọ́ irú oògùn bíi phenelzine. Ìkìlọ̀ yẹn wà nínú ìwé ńlá tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi ń wo oògùn, ṣùgbọ́n ìwé ni, kò sí kọ̀ǹpútà kankan tó máa pariwo pé "dúró ná" lóru, àfi kí ẹnìkan ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, tàbí kó ráyè lọ ṣí ìwé.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni síso tí wọ́n so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí serotonin ti kún lára ẹ̀, iṣan ẹ̀ ló ń dáná ooru yẹn, tẹ́ ẹ bá wá dè é mọ́lẹ̀ tó ń jà pẹ̀lú okùn, ńṣe ni ooru á máa pọ̀ sí i. Haloperidol tún lè dí òógùn lọ́wọ́, òógùn sì ni ara fi ń tu ara ẹ̀ lára. Lóde òní ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ni pé kí a dá àwọn oògùn tó fà á dúró, kí a fún aláìsàn ní diazepam tàbí irú ẹ̀ kí iṣan lè dẹ̀, kí a máa tù ú lára kíákíá, kí a má dè é mọ́lẹ̀. Nínú ohun tí wọ́n ṣe fún Libby lẹ́yìn aago mẹ́ta òru, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí kò lọ sódìkejì.

Kí n má bàa purọ́, àríyànjiyàn ò tán lórí ohun tó pa á gan-an. Àwọn tó yẹ òkú ẹ̀ wò kọ ọ́ pé pneumonia wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ méjèèjì, àyẹ̀wò kan sì fi hàn pé kokéènì díẹ̀ wà lára ẹ̀, ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, tí bàbá ẹ̀ sì bá wọn jà lé lórí títí. Ṣùgbọ́n ti serotonin yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ gbà, òun náà ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ medical school títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, kí n bá ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe dókítà sọ̀rọ̀. Phenelzine ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tramadol ló wọ́pọ̀, òun náà sì ń ti serotonin sókè. Ẹni tó bá ń lo fluoxetine, sertraline tàbí amitriptyline tí dókítà kan kọ fún un, tó wá gba kẹ́mísì lọ ra tramadol nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà le tó ti Libby. Linezolid tí wọ́n ń fún àwọn tó ní TB tó ti gbójú sí oògùn náà wà lára wọn. Tí nọ́ọ̀sì bá bi yín pé "oògùn wo lẹ̀ ń lò nílé, mà?", ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dáhùn pé "oògùn funfun kékeré kan báyìí", ẹ mú páálí ẹ̀ dání. Ó tán, mo ń bọ̀ sórí ọ̀rọ̀.

Bàbá ọmọ ò gbà. Sidney Zion ò jókòó sílé sunkún lásán, ó mọ òfin, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé, ó mọ àwọn èèyàn, ó sì fi gbogbo ẹ̀ jà. Ó pè é ní ìpànìyàn. Ó kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn pé ẹni tí ò tiẹ̀ dé jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ pé resident tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 36 ò lè ṣe ìpinnu kankan, ká má tíì wá sọ èyí tó jẹ mọ́ ikú àti ìyè. Robert Morgenthau tó jẹ́ olórí agbẹjọ́rò ìjọba ní Manhattan gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú grand jury, ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń pinnu bóyá kí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kan èèyàn. Ní 1986 ìgbìmọ̀ yẹn kọ̀ láti fẹ̀sùn ìpànìyàn kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìwé gígùn tí wọ́n fi na ètò tí àwọn ọsibítù fi ń kọ́ àwọn dókítà tuntun lẹ́gba: wákàtí tó gùn jù, àgbà tí kì í sí níbẹ̀. Ẹ̀sùn tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi kan àwọn dókítà méjèèjì lórí ìwé àṣẹ wọn lọ sókè sódò, títí kóòtù fi fọ̀ wọ́n mọ́ pátápátá ní 1991. Ẹjọ́ owó tí bàbá pè wá di ti tẹlifíṣọ̀n, gbogbo Amẹ́ríkà ń wò ó, ní 1995 ìgbìmọ̀ adájọ́ ní àwọn dókítà jẹ̀bi oògùn tí wọ́n fún un, ọmọ náà sì jẹ̀bi kokéènì tí kò sọ, wọ́n pín in sí méjì, $375,000 ló kù fún ẹbí. Wọn ò dá ọsibítù lẹ́bi pé iṣẹ́ tó gbé lé house officer yẹn lórí ti pọ̀ jù. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè gbé mì. Aláìsàn bíi 40, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, ẹ sì ní kò sẹ́ni tó gbé e lé e lórí.

Kí ẹjọ́ tó parí, ìpínlẹ̀ New York ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, Bertrand Bell ló ṣáájú wọn, dókítà àti olùkọ́ ni ní Albert Einstein College of Medicine ní Bronx. Ohun tí wọ́n dábàá ló di òfin ní 1989: resident ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 80 lọ lọ́sẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 24 lọ léra wọn, àti pé kí àgbà dókítà wà nínú ọsibítù tọ̀sán-tòru. Ẹ wò ó, nǹkan mẹ́ta ni. Ní 2003 ACGME, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ residency, mú wákàtí 80 lọ sí gbogbo Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn ní ẹ wá wò, nǹkan ti yí padà. Bell fúnra ẹ̀ ò yéé sọ fún wọn pé ẹ̀yin ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn o, pé ká máa bójú tó ọmọ iṣẹ́ ni kókó, kì í ṣe ká máa ka wákàtí. Mi ò rò pé wọ́n gbọ́. Wákàtí rọrùn láti kà, èèyàn lè fi í sí Excel. Ta ló ń ka iye ìgbà tí consultant, ìyẹn àgbà dókítà, dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárín aago méjìlá òru sí aago mẹ́fà àárọ̀?

Àwọn Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. House officer yẹn mọ̀wé, ẹnikẹ́ni ò sọ pé kò mọ̀wé. Ohun tí kò ní ni ẹni tó ti rí irú gbígbọ̀n yẹn rí. Àgbà physician tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ yẹn, tó di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, tó rí i pé bó ṣe ń ta yẹn kì í ṣe ti otútù ibà, ó ṣeé ṣe kó bi í pé "oògùn wo ni ìwọ ń lò gan-an?" kó tó mú pethidine. Ó lè má mọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ láti má mọ̀.

Ìwádìí pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àárẹ̀ yìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé àárẹ̀ ò ṣe nǹkan. Ó ń ṣe. Ní 1997 Dawson àti Reid ní Australia fi hàn nínú Nature pé ẹni tó bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tó 0.05%, tó bá di wákàtí 24 ó ti tó bíi 0.10%, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wọ́n á gba mọ́tò lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, àwa ń gbé abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́. Ní 2004 Christopher Landrigan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe tiwọn ní ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù, ní Brigham and Women's Hospital, Boston: àwọn intern, ìyẹn house officer tiwọn, tó ń ṣe call gígùn (iṣẹ́ àṣemọ́jú) bíi ti àtẹ̀yìnwá ṣe àṣìṣe ńlá tó fi 36% ju tàwọn tí wọ́n gé wákàtí wọn kù lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwádìí mìíràn sọ pé intern tó ń wa mọ́tò lọ sílé lẹ́yìn call gígùn lè ní jàǹbá ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wakọ̀ gba Third Mainland lẹ́yìn call, ẹ ti mọ èyí láìsí ìwádìí.

ACGME wá gé e sí i, ní 2011 wọ́n ní intern ò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 16 lẹ́ẹ̀kan. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wá lọ́jú pọ̀. Ìwádìí ńlá méjì jáde, FIRST láàárín 117 program iṣẹ́ abẹ, àti iCOMPARE láàárín 63 program internal medicine, wọ́n fún àwọn kan láyè láti ṣe call tó gùn ju ìyẹn lọ, wọ́n fi àwọn yòókù sábẹ́ òfin tuntun, nígbà tí wọ́n kà á, aláìsàn ọ̀dọ̀ àwọn oní-call gígùn ò kú ju ti ọ̀dọ̀ àwọn yòókù lọ. Àwọn resident ni inú wọn ò dùn, wọ́n ní àwọn ò rí ẹbí, wọn ò rí ìsinmi. ACGME mú intern padà sí wákàtí 24 ní 2017.

Landrigan kan náà yìí ló tún padà wá ní 2020 pẹ̀lú ìwádìí tí wọ́n pè ní ROSTERS, ní ICU àwọn ọmọdé ní ọsibítù mẹ́fà, èyí sì ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń jà fún dókítà kà. Wọ́n gé call sí wákàtí 16. Gbogbo èèyàn ń retí pé àṣìṣe á dín kù bíi ti 2004. Ó pọ̀ sí i! Àṣìṣe ńlá 97.1 nínú 1,000 ọjọ́ aláìsàn (aláìsàn kan fún ọjọ́ kan ni wọ́n kà sí ẹyọ kan) lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n gé wákàtí wọn, 79.0 lọ́dọ̀ àwọn oní-call gígùn. Wọ́n ya ẹnu, wọ́n wá lọ wo iye aláìsàn tó wà lọ́rùn dókítà kọ̀ọ̀kan: 8.8 lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n gé wákàtí wọn, 6.7 lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Wọ́n dín wákàtí kù, wọn ò fi èèyàn kún un, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n kì bọ inú àkókò tó kéré. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò tó gba ti iye aláìsàn rò, ìyàtọ̀ yẹn pòórá. Ẹni tó bá ka èyí tán, kó padà lọ wo house officer New York yẹn pẹ̀lú aláìsàn bíi 40 ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "hysterical" yẹn wá kù. Christina Maslach àti Susan Jackson ló gbé ìbéèrè 22 kalẹ̀ ní 1981 tí wọ́n fi ń wọn burnout, kí iṣẹ́ ti jẹ èèyàn tán, ohun mẹ́ta ló sì ń wá nínú èèyàn: kí agbára ẹ̀ ti tán, kó máa rò pé iṣẹ́ òun ò já mọ́ nǹkan kan mọ́, àti èyí tó wà láàárín, kó má rí èèyàn gẹ́gẹ́ bí èèyàn mọ́. Ní 2019 àjọ WHO kọ ọ́ sínú ICD-11, ìwé tí wọ́n fi ń to àìsàn, pé wàhálà tó ti ibi iṣẹ́ wá ni, wọn ò kà á sí àìsàn. Mi ò lè sọ pé àwọn méjèèjì yẹn ní burnout, ta ló fi ìbéèrè 22 síwájú wọn lóru yẹn? Ṣùgbọ́n mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń dé orí ìwé. Òru ti jìn, fóònù call room dún.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ìyá bed 9 yẹn ò sinmi o, ó ń pariwo, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀."

"Ìyá yẹn náà? Síístà, drama ló ń ṣe, ẹ fún un ní diazepam, mo ń bọ̀."

"Ẹ ti ń bọ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan, Dókítà."

"Síístà, ẹ jọ̀ọ́ mà. Mo ń set line lọ́wọ́ fún ọmọ kan ní emergency."

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Dókítà ń set line, ìyẹn fífi abẹ́rẹ́ omi sí iṣan ẹ̀jẹ̀, lóòótọ́, nọ́ọ̀sì ń bẹ̀bẹ̀ lóòótọ́, ìyá bed 9 sì lè jẹ́ ẹni tí ṣúgà ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tàbí tí kò rí afẹ́fẹ́ mí dáadáa. Ojú lọ̀rọ̀ wà, orí fóònù kò ní ojú. Drama ni ọ̀rọ̀ tiwa, hysterical ni tiwọn, iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe: tí èèyàn bá ti sọ ọ́ tán, kò pọn dandan kó dìde lọ wò ó mọ́. Ó sì sábà máa ń jẹ́ obìnrin ni wọ́n ń sọ ọ́ sí.

Ní September 2023 house officer kan ní Èkó ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kú, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní ọsibítù ẹ̀ ní call wákàtí 72 ló ti bọ̀. Ariwo sọ, gbogbo wa yí profile picture padà, àwọn kan ní kí wọ́n gbé òfin wákàtí wá bíi ti Amẹ́ríkà. Mo fara mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi wákàtí 72 ṣiṣẹ́ dókítà, kò sí àlàyé tó lè gbè é. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera ní 2025 ti fẹnu ara ẹ̀ sọ lọ́dún yẹn pé bíi 16,000 dókítà ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Tí roster, ìwé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́, tó yẹ kó ní èèyàn mẹ́jọ bá ti di ti èèyàn mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá gé wákàtí lórí ìwé, ta ló máa gba aláìsàn lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ sílé? Ẹni tó kù ni. ROSTERS ti sọ ibi tí ìyẹn ń já sí, ní orílẹ̀-èdè tí iná kì í lọ tí oògùn kì í tán.

Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, nígbà tí NARD, ẹgbẹ́ àwọn resident ní Nàìjíríà, bá tún jókòó pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ lórí owó oṣù àti àwọn àjẹsílẹ̀, kí wọ́n fi nǹkan méjì mọ́ wákàtí tí wọ́n ń béèrè. Kí wọ́n kọ iye aláìsàn tó pọ̀ jù tí dókítà kan lè mú lóru sílẹ̀ ní nọ́ńbà, wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù, tó bá ti kọjá ẹ̀ kí ọsibítù pe ẹlòmíràn wọlé tàbí kó má gba aláìsàn tuntun. Kí orúkọ consultant tó wà nínú ọgbà lóru ọjọ́ yẹn, kì í ṣe èyí tó wà nílé ní Lekki, sì wà lára bọ́ọ̀dù ní nurses' station pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹ̀, kí nọ́ọ̀sì lè pè é fúnra ẹ̀ láìgba ọwọ́ house officer kọjá, kó sì mọ̀ pé wọn ò ní fi ìyẹn bá òun jà láàárọ̀.